Koríko Ti Hù ní Òkè Ìràwọ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1996, Nathan gbé ẹ̀rọ tó ń tan fọ́tò sára ògiri wọ yàrá ìpàdé ilé iṣẹ́ wọn ní Clear Lake. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí òun ń fi òpin ọ̀sẹ̀ òun ṣe ní Japan gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá síbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ilé iṣẹ́ fi rán ọmọkùnrin náà lọ bá àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń lọ sí ojú sánmà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé.

Díẹ̀ ló kù kí Shamsudeen má lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ike ìrẹsì tí Làdíátù ìyàwó rẹ̀ dì fún un, ó wo inú yàrá, ó wo ẹ̀yìn, kó tó wá wọlé lọ jókòó sí àga tó kángun sí ògiri. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni, Mùsùlùmí ni, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì ní ọmọbìnrin kan. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà kò sì fi kún un.

Wọ́n paná. Fọ́tò àkọ́kọ́ tàn. Ẹṣin onígi mẹ́fà ni, wọ́n dúró yí òpó kan ká. Nígbà kan, wọ́n ti kùn wọ́n ní pupa àti àwọ̀ wúrà. Ọ̀kan nínú wọn kò ní etí mọ́. Koríko ti hù láti abẹ́ pákó dé ikùn wọn, bíi pé odò ni wọ́n ń là kọjá. Nathan tẹ bọ́tìnì, òmíràn yọ: ife tíì ràgàjì tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sínú rẹ̀ kó máa pòyì. Òjò ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ewé gbígbẹ sì léfòó lójú omi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Irin tí ọkọ̀ kékeré máa ń sáré lé lórí gun òkè lọ, ó já wálẹ̀, ó wọ inú igbó, ẹnikẹ́ni kò sì rí ibi tó jáde sí.

"Iwin wà níbẹ̀ yẹn," ni Chloe wí, obìnrin tó ń ṣe ìṣirò ìwọ̀n fún wọn. "Ẹ lè fi gbogbo ayé lọ̀ mí, mi ò ní dá wọ ibẹ̀."

"Síbẹ̀, o ò gbójú kúrò lára ògiri," ni Nathan dá a lóhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nathan ṣàlàyé pé irú ọgbà ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ kò níye níbẹ̀. Ìgbà tí owó wà tí ọmọdé sì pọ̀ ni wọ́n kọ́ wọn. Nígbà tó yá, owó fà sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ti géètì pa, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ̀kan, mo ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa lò," ó ní. "Oòrùn wọ̀ bá mi níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ lọ. Ó dà bíi pé àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí kọ̀rọ̀ kan ni, pé tí mo bá ní sùúrù díẹ̀ sí i, wọ́n á padà wá."

Ó tẹ bọ́tìnì. Ìrẹsì tí Shamsudeen fi ṣíbí bù lọ sẹ́nu dúró sójú ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ ńlá kan ló wà lára ògiri, irú èyí tó máa ń gbé èèyàn yípo lọ sókè lójú òfurufú. Ìtàkùn ti gun ún dé ìdajì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè kan wà tí orí rẹ̀ là sí méjì bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Shamsudeen mọ òkè náà. Ó mọ ahéré kékeré tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, tí òrùlé rẹ̀ ti ṣubú sínú báyìí. Ó mọ iye àtẹ̀gùn tó wà láti géètì dé ẹnu ọ̀nà ahéré náà, nítorí òun ló máa ń gbá a láràárọ̀.

"Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ló rú mi lójú jù," ni Nathan wí. Ó ti sún mọ́ abẹ́ àpótí ìjókòó kan lára kẹ̀kẹ́ náà kó tó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan síbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kì í ṣe èdè Japan, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo àwọn àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà. Mo rò pé èdè Vietnam ni, mo fi han obìnrin ará Vietnam tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ó ní kì í ṣe tàwọn."

"Yorùbá ni," ni Shamsudeen wí láti ẹ̀yìn.

Gbogbo orí yíjú sí i.

"Ẹ RỌRA O," ó kà á. "Ó ní kí èèyàn máa ṣe jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn ìjókòó yẹn máa ń há èèyàn lọ́wọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀, Sham?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Nathan lọ tan iná. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè wá rọ́ lù ú lọ́tùn-ún lósì: ìgbà wo, kí ló gbé e débẹ̀, kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó ní iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé lásán ni, ó ti pẹ́, ó wo aago, ó sì dé ike ìrẹsì rẹ̀. Nathan lé e bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi káàdì pélébé kan lé e lọ́wọ́.

"Bàbá arúgbó tó ni ọgbà yẹn ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà," ó ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé lọ ya fọ́tò, àfi kó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra fún àtẹ̀gùn kejì. Nọ́ńbà wọn nìyí."

Shamsudeen wo orúkọ tó wà lára káàdì náà. Ó dúpẹ́, ó tì í bọ àpò.

Láti Clear Lake sí Alief jìnnà díẹ̀, ní ọjọ́ tí mọ́tò bá pọ̀ lójú freeway, ó lè gba wákàtí kan àtààbọ̀. Shamsudeen kì í bínú sí ìrìn náà. Nínú mọ́tò ló ti máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì wáàsí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Orin tí wọ́n máa ń fi ṣí ọgbà náà ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ń ta lọ́kàn rẹ̀, orin fèrè kan tí kò ní ọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ ńlá orí òpó máa ń pariwo rẹ̀ títí kan àwọn oko ìrẹsì ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò ti rántí orin náà. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì gba ibi tó yẹ kó yà kọjá.

Nathan ti yá a ní ẹ̀rọ àti àwọn fọ́tò náà. Ó gbé wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ní òun á wò wọ́n tó bá yá, ó wá ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Káàdì náà wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Nígbà méjì ló gbé tẹlifóònù, ó gbé e sílẹ̀ padà kó tó tẹ nọ́ńbà kankan.

Ní ọjọ́ Sátidé, Làdíátù wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nusaiba, ọmọ wọn, ẹni ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n bí sí Houston, ló ṣí àpótí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tí Shamsudeen fi máa kírun Àsárì tán, ọmọ náà ti ta aṣọ ìbùsùn funfun mọ́ ojú fèrèsé, ó ti pa gbogbo iná, ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń wo àwọn ẹṣin onígi inú koríko.

Gẹ̀ẹ́sì ni Nusaiba fi máa ń dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ra wọn yé bẹ́ẹ̀.

"Daddy, ẹ wá wo nǹkan," ó ní. "Ó ń bani lẹ́rù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kú ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n kú?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ta bá Shamsudeen ju bó ṣe rò lọ. Ó jókòó sórí àga. "Kò sí ibì kan tó láriwo tó ibẹ̀ láyé yìí," ó ní. "Tó bá di ọjọ́ Àìkú, èèyàn kì í gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Àwọn ọmọ ń ké, ìyá wọn ń pè wọ́n, ọmọ kan ti sọ bàtà nù, òmíràn ti bì sára aṣọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ń sun àgbàdo ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ta omi ọbẹ̀ dúdú kan sí i, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo òkè kan. Wọn kò kú. Ilé ni wọ́n lọ."

Nusaiba yíjú padà kúrò lára aṣọ funfun náà, ó tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nígbà tó fi ìlú Ìwó sílẹ̀, tó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ kàwé ní Japan. Ìlú kékeré kan ló bọ́ sí, ojú rẹ̀ sì rí màbo lọ́dún àkọ́kọ́. Òtútù ń mú un, èdè kò yé e, bó bá wọ ọkọ̀, àwọn èèyàn á fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Òkè Ìràwọ̀ lédè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Hirose ló ni ibẹ̀, tọkọtaya ni wọ́n jọ ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá Hirose wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ibi gíga máa ń bà á lẹ́rù? Ó ní rárá. Irọ́ ló pa.

Wọ́n fi í sídìí kẹ̀kẹ́ ńlá náà. Láàárín oṣù méjì, àwọn ọmọ ti ń tò sórí ìlà kí Shamu lè bá wọn de okùn ìjókòó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé orúkọ rẹ̀ kúrú. Ìyàwó Hirose máa ń tú oúnjẹ rẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ má baà sí níbẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, Bàbá Hirose á wá gba ọ̀pá ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n á ní, "Lọ kí Ọlọ́run rẹ. Tètè dé o, àwọn ọmọ ń dúró." Inú ahéré yẹn ló ti máa ń kírun, tí kẹ̀kẹ́ náà á máa dún lókè orí rẹ̀ bí ẹni tó ń rọra hanrun.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kúrò?" ni Nusaiba bi í.

"Tẹlifóònù wá láti ilé pé ara bàbá mi kò yá. Ọdún 1980 ni. Bàbá Hirose ló fi ọkọ̀ ẹrù wọn gbé mi lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo sọ fún wọn pé ogójì ọjọ́ ni mo máa lò. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹlòmíràn sídìí kẹ̀kẹ́ náà, pé àwọn á máa dì í mú fún mi."

"Ẹ wá padà?"

"Mi ò padà. Ọ̀ràn ilé pọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ìgbà tó yá, ọ̀nà Amẹ́ríkà là. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi nílé ní Ìwó, ìyá mi sì fi ránṣẹ́ síbí. Lẹ́tà mẹ́ta." Ó tẹjú mọ́ fọ́tò tó wà lójú fèrèsé. "Mi ò fèsì ọ̀kan nínú wọn. Mo ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ojú fi wá ń tì mí láti kọ ọ́."

Nusaiba ronú sí i. Ọmọ tó mọ bí a ti ń sọ òtítọ́ láìfi ọ̀bẹ sí i ni. "Ọ̀ràn yẹn kò dáa," ó ní. "Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Shamsudeen yọ káàdì náà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gbé e lé orí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọ náà. Nusaiba wò ó, ó wo bàbá rẹ̀, ó dìde, ó lọ gbé tẹlifóònù wá láti kíṣìnnì, ó ń fa wáyà rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni fa ewúrẹ́.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston. Ilẹ̀ Àìkú ti mọ́ lọ́hùn-ún. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e.

Èdè náà ti dípẹtà lẹ́nu Shamsudeen. Gbólóhùn tó ti ń tò láti ọjọ́ mẹ́jọ fọ́n ká. Gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Ẹ káàárọ̀, sà. Shamu ni o. Shamu onídìí kẹ̀kẹ́."

Ó gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń mí. Ó gbọ́ bí àga kan ṣe fà lórí ilẹ̀ onípákó.

"Shamu," ni ohùn kan wí. Ó ti gbó, ó ti há, ṣùgbọ́n òun náà ni. "Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé o bá wọn láyé?"

Shamsudeen fi ọwọ́ kejì di tẹlifóònù náà mú. Láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè náà. Àwọn ará ilé mọ̀, wọn kò ní ohun tí wọ́n ń bi í sí. Àwọn tó pàdé lẹ́yìn náà kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti béèrè. Ó yíjú sí ògiri kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti ń mì.

"Mi ò bá wọn, sà," ó sọ níkẹyìn. "Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n kú. Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó dé. Ẹsẹ̀ sàréè wọn ni mo bá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá Hirose wí. "O kú àṣẹ̀yìndè. Ohun tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà."

Shamsudeen bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ṣèlérí ogójì ọjọ́, òun ò mú un ṣẹ. Ó ní òun ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìdá wọn lóhùn. Bàbá Hirose dá a dúró. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n rí i tó gbé gbogbo bàtà rẹ̀ dání wọ ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti mọ̀ pé kò ní padà, ìyàwó wọn nìkan ni kò gbà. Ìyàwó náà ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ti géètì ọgbà. Wọ́n bi í léèrè ibi tó wà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ Houston, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ Houston kan wá síbí pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní kí ló ń wò, kò lè sọ."

"Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà, sà."

"Wọ́n pọ̀ o. Àwọn tó ń wá lóṣooṣù báyìí ju àwọn tó wá lọ́dún tí mo tì í. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí kò ṣe nǹkan kan mọ́. Èmi náà máa ń gun òkè lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa ń jókòó. Ó dára fún mi." Wọ́n húkọ́. "Ṣùgbọ́n wọ́n máa wó o tí wọ́n bá kórè ìrẹsì tán. Ìjọba ìlú fẹ́ kọ́ ilé àwọn arúgbó síbẹ̀. Ṣé ohun kan wà tí o fẹ́ kí n bá ọ yọ sílẹ̀?"

Shamsudeen ronú. Ó wo ara aṣọ funfun tó wà lójú fèrèsé, níbi tí fọ́tò náà ṣì tàn sí. "Rárá, sà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà títí wọ́n á fi dé."

Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún, Bàbá Hirose bi í bí ibi gíga ṣì ń bà á lẹ́rù. Ó hàn pé wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dágbére, Nusaiba na ọwọ́, ó gba tẹlifóònù. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Japan, ó sì jẹ́ ọmọ tó máa ń kùn bí wọ́n bá ní kó kí ẹbí Nàìjíríà lórí tẹlifóònù.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà," ó ní, ní Yorùbá. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì dà bíi pé kò mọ̀ pé òun kúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀ tán, ó ní, "Daddy, kí ló dé tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́ nǹkan kan? Ẹ̀ bá ní kí wọ́n fi ẹṣin kan ránṣẹ́."

"Ibo la fẹ́ gbé e sí? Ká so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà, káwọn tó ni apartment wá lé wa jáde?"

Ibi ẹ̀rín yẹn ni Làdíátù bá wọn nígbà tó ti iṣẹ́ dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́rùn. Ó bá ilé nínú òkùnkùn, tẹlifóònù nílẹ̀ láàárín pálọ̀, aṣọ ìbùsùn rẹ̀ tuntun lójú fèrèsé, omijé lójú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe?" ó ní. Ó wo kẹ̀kẹ́ ńlá tí ìtàkùn gùn. "Níbo nìyẹn?"

"Jókòó ná," ni Shamsudeen wí. Ó sún fún un lórí àga. "Mo sọ fún ọ nígbà tí mo ń fẹ́ ọ pé mo kàwé díẹ̀ ní Japan."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ tí mi ò sọ."

Làdíátù kò bọ́ bàtà. Ó jókòó pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ó ní kí Nusaiba lọ bá òun mú oúnjẹ gbóná, Nusaiba ní òun ń bọ̀, kò sì dìde.